Èsì: Òpó ilé Morris-Jumel tó ń tẹ̀ sẹ́yìn nínú àwòrán

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè ìdí tí àwọn òpó ilé Morris-Jumel, ilé àtijọ́ kan ní Manhattan ní New York, fi ń tẹ̀ sẹ́yìn nínú àwòrán tí ẹ yà, àti ìdí tí funfun ara ilé náà fi ń kọ mànà. Àwọn òpó náà tẹ̀ sẹ́yìn nínú àwòrán yín nítorí pé ẹ sún mọ́ ilé jù, ẹ sì dojú kámẹ́rà kọ òkè. Ẹ fà sẹ́yìn sínú ọgbà Roger Morris tó yí ilé náà ká, títí òrùlé yóò fi hàn láìgbé kámẹ́rà sókè.

Ní ti funfun ara ilé tó ń kọ mànà, bí oòrùn bá ràn nìkan, ẹ tẹ ara ògiri lójú fóònù, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ kù.

Mo bẹ̀ yín, ẹ ya igun ilé náà nítòsí: pákó ni wọ́n gbẹ́ bí òkúta níbẹ̀ láti 1765, ọdún 11 kí Ọ̀gágun George Washington tó fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ogun.