Ẹ má tíì sanwó gíábọ́ọ̀sì o, viscous Freelander yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bẹ́ ẹ bá yí sítíárìn dópin láti páàkì, Freelander yín, jíìpù Land Rover yẹn, á dúró bí ẹni tẹ bíréèkì, àti pé mẹkáníìkì ní gíábọ́ọ̀sì ló bàjẹ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá ó ṣì lè gbé yín dé Ìlọrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ohun tí wọ́n fi gbowó lọ́wọ́ èmi náà nìyẹn.

Láàárín pùròpẹ́là, ìyẹn irin gígùn méjì tó gba abẹ́ ọkọ̀ gbé agbára lọ sẹ́yìn, irin róbótó kan wà níbẹ̀. Òun ni viscous coupling. Irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ àti ọ́ìlì silicone ló kún inú ẹ̀, wọ́n sì dé e pa. Tó bá wà láàyè, ó máa ń gbà kí táyà iwájú àti tẹ̀yìn yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ díẹ̀. Tí iwájú bá ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ọ́ìlì yẹn á gbóná, á le, á sì gbé agbára lọ sẹ́yìn. Tó bá ti bàjẹ́, ó máa ń le gbagidi, kì í sì í tú mọ́. Bẹ́ ẹ bá wá yíwọ́, iwájú fẹ́ yí ju ẹ̀yìn lọ, kò sí ohun tó máa gbà fún wọn, gbogbo wàhálà á bọ́ sọ́rùn gíà.

Gíábọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú tèmi. Wọ́n gbé tókunbọ̀ sí i, ọkọ̀ ò yí padà. Wọ́n ní díífù ẹ̀yìn ni, ìyẹn àpótí gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mo sanwó ìyẹn náà. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n gbé pátákó ńlá síta, wọ́n ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́, wọ́n ní ara ọkọ̀ dá ṣáṣá. Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe máa mọ̀? Viscous yìí ò ní wáyà, kò ní sẹ́ńsọ̀ kankan! Ẹni tó ń gbowó gọbọi yẹ kó mọ ìyẹn. Inú ń bí mi di òní. Ní gbogbo àsìkò yẹn ó ń jẹ táyà, bẹ́árìn tó gbé pùròpẹ́là dúró ń hu. Ìgbà tó yá, IRD, ìyẹn àpótí gíà tó lẹ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì tó ń pín agbára sẹ́yìn, fọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Wọ́n tú ọ́ìlì ẹ̀ sínú báfù, ó dúdú, irin wẹ́wẹ́ ń dán nínú ẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo fa odindi eyín gíà jáde.

Àwọn tó wá fà mí tún gbé iwájú sókè, wọ́n ń wọ́ táyà ẹ̀yìn nílẹ̀. Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni! Kí wọ́n gbé gbogbo ọkọ̀ sókè, tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ yọ pùròpẹ́là. Táyà náà ńkọ́? Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ oríṣi kan náà. Bó bá jẹ́ méjì lẹ lówó tuntun fún, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi sí. Táyà tókunbọ̀ aláàbọ̀-aláàbọ̀ ló ń yára pa viscous.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ò le. Ẹ dí táyà iwájú, ẹ tú háńdì-bíréèkì, ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè, ẹ fi irin gígùn yí i. Bó bá ń yí díẹ̀díẹ̀, ó wà láàyè. Bó bá gan, ó ti kú. Bó bá ń yí fàlàlà, ọ́ìlì ti jò tán.

Ti Ìlọrin: bó bá ti gan, ẹ ní kí wọ́n yọ pùròpẹ́là méjèèjì pẹ̀lú viscous náà, táyà iwájú nìkan á máa fà yín lọ. Freelander àkọ́kọ́, ti 1997 sí 2006, ni mo ń sọ o. Subaru mánúà ò rí bẹ́ẹ̀, inú gíábọ́ọ̀sì ni viscous tiẹ̀ wà. Bẹ́ ẹ bá yọ pùròpẹ́là tẹ́ ẹ wá ń sáré, ẹ máa jó o ni. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ tú ọ́ìlì IRD wò. Bí irin bá wà nínú ẹ̀, ẹ wọ mọ́tò èrò lọ Ìlọrin.