Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tí kò bára mu nínú fáìlì sójà bàbá yín: ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa ní Leeds. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa bàbá yín tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Fáìlì Army pè wọ́n ní Shonuga, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1946 ló sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ ìbí. NIN pè wọ́n ní Sonuga, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 1948 ló wà lórí tiẹ̀. Nígbà tí àyẹ̀wò pẹ́ńṣàn dé, wọ́n ní kò bára mu. Ẹ wá ní ẹnì kan l'Abuja ti ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kí òun lè bá yín yanjú ẹ̀ kíákíá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i, ẹ má sì jẹ́ kí BVN bàbá dé ọwọ́ ẹ̀.

Ṣàgámù ni mo ń gbé, sójà ni bàbá ìyàwó mi, irú wàhálà yìí la sì bá wọn yanjú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ló yẹ kí á lọ fọwọ́ kan fáìlì Army. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ìwé tuntun ló ṣìnà. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí àṣìṣe ti wọlé, kí ẹ tó pinnu ìwé tí ẹ ó tún ṣe.

Ẹ ní kí ẹnì kan jókòó ti bàbá, kí wọ́n jọ ṣí àpótí. Ìwé ìdásílẹ̀ (discharge certificate) tí Army fún wọn nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni ẹ ń wá, pẹ̀lú káàdì pẹ́ńṣàn àti lẹ́tà èyíkéyìí tó bá ní nọ́ńbà ológun wọn. Ti bàbá ìyàwó mi wà nínú àpótí irin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ọ̀rá wé e pọ̀ mọ́ rìsíìtì owó-orí àtijọ́. Ibi tí wọ́n máa ń ká a sí ti fẹ́ já. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi tẹ orúkọ wọn síbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a tan iná sí i, a rí lẹ́tà "h" kan tí ẹnì kan fi bírò há sáàárín lẹ́yìn náà. Lẹ́tà kan yẹn ló jẹ́ kí á mọ̀ pé orúkọ tó tọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. A ò bá tí rí i bó bá jẹ́ fótò WhatsApp nìkan la wò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà nílé wo ìwé gan-an.

Ẹ má dààmú bí ẹ bá rí "Western State" níbi ìpínlẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ẹni tó wọṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 kò lè ní Ògùn lórí ìwé tó fi wọlé. "Ijebu Province", orúkọ àtijọ́ tó kó Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pọ̀, náà kì í ṣe àṣìṣe, kódà fún àwa ará Rẹ́mọ. Bí ẹ bá ní kí wọ́n tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe, iṣẹ́ ni ẹ ń fi kún iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló rọrùn jù. Gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló mọ̀ pé Ṣónúgà kan náà ni Sonuga àti Shonuga, àmọ́ kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Kí bàbá fúnra wọn lọ sí High Court ní Ìjẹ̀bú-Òde láti búra pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. Ẹ̀yin kò lè bá wọn búra láti Leeds. Kí nọ́ńbà ológun wọn wà nínú ìwé ìbúra náà, kí orúkọ méjèèjì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan gẹ́lẹ́. Bí bàbá kò bá gbọ́ òyìnbó dáadáa, kí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé a ka ìwé náà sí wọn létí, a sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fo ibẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ló ń gba àgbàlagbà lọ́wọ́ ìbéèrè lọ́jọ́ iwájú. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé ìkéde orúkọ sínú ìwé ìròyìn tó ń kárí orílẹ̀-èdè, kí ẹ sì tọ́jú odidi ìwé ìròyìn ọjọ́ náà.

Ọjọ́ ìbí ló le. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni akọ̀wé sábà máa ń kọ nígbà tí ẹni náà bá mọ ọdún tí kò mọ ọjọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ ìbí tí ènìyàn kọ sílẹ̀ nígbà tó wọlé ni wọ́n ń dì mú títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yí i padà lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ojú ìfura ni wọ́n á fi wò ó. Nítorí náà ẹ bi bàbá lọ́wọ̀lọ́wọ̀: níbo ni 1948 ti wá? Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tó bá wọn forúkọ sílẹ̀ fún NIN ló fojú díwọ̀n rẹ̀, tí kò sí ìwé kankan lẹ́yìn rẹ̀, NIN ni kí ẹ tún ṣe, kó lè bá fáìlì Army mu. Bí ìwé ìrìbọmi tàbí ìwé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá wà tó sọ 1948, ẹ ní ẹ̀rí tí ẹ lè kọ lẹ́tà lé lórí. Bí bàbá bá sì sọ pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi ọdún kún ọjọ́ orí àwọn kí wọ́n lè gbà wọ́n, lọ́yà ni kí ẹ lọ bá kí ẹnikẹ́ni tó búra ohunkóhun. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni ìbúra èké. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ti àgbàlagbà sínú rẹ̀ nítorí pẹ́ńṣàn.

Fún NIN, wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ìbí láti ọ̀dọ̀ National Population Commission. Irú tí wọ́n ń fún àwọn tí wọ́n bí ṣáájú 1992 ni ti bàbá. Wọ́n ní ọ́fíìsì ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Ìjẹ̀bú-Igbó gan-an sì ni olú ìlú Ìjẹ̀bú Àríwá, bàbá kò ní rìn jìnnà. Nígbà tí NIN bá jáde tán ni kí ẹ tó lọ báǹkì fún BVN. Ẹ má ṣe é lódìkejì, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà kí ènìyàn tún ọjọ́ ìbí ṣe lórí BVN.

Bó bá wá jẹ́ fáìlì ológun ló ṣì í lóòótọ́, ẹ mọ ibi tí lẹ́tà ń lọ. Military Pensions Board l'Abuja ló ń sanwó, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ Army tó wà ní Chari Maigumeri Barracks, Lọ́kọ́ja, ló ni fáìlì. Ọmọ ogun ojú omi àti ti òfuurufú ní tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ kọ ọ́ sí Lọ́kọ́ja, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Abuja, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Ojúlówó ìwé ìdásílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé; ẹ̀dà tí kóòtù fọwọ́ sí ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Àwọn ọmọ Legion, ẹgbẹ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn ti di Veterans Federation of Nigeria, mọ ọ̀nà wọ̀nyí dáadáa. Kí bàbá bá àwọn ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan béèrè nísàlẹ̀ bóyá àwọn ọmọ á máa gba pẹ́ńṣàn lọ bí bàbá bá papò dà. Rárá. Bí sójà bá kú kó tó pé ọdún 5 tó fẹ̀yìn tì, ìyókù owó ọdún 5 náà ni ti àwọn tó kọ sílẹ̀ pé kí wọ́n jogún òun. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá ti rí ìwé náà, ẹ kọ ohun tó wà lórí rẹ̀ síbí, a ó jọ wò ó. Ẹ má gbé fótò rẹ̀ síta, ẹ sì yọ nọ́ńbà ológun wọn kúrò.