Ṣé agolo káàdì Pokémon tó owó tí wọ́n ń tà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, òkun o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù Birmingham. Ọ̀rọ̀ káàdì Pokémon, káàdì eré tó ní àwòrán àwọn ẹranko inú àlọ́, ni mo bá wá, nítorí mo mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ yín ọkùnrin ti ń kó o jọ. Àbígbẹ̀yìn tèmi, ọmọ ọdún 10, ti tọ́jú owó ọjọ́ìbí rẹ̀, ó sì ta kú pé agolo mẹ́ta ni òun máa fi rà, àwọn agolo tí wọ́n ń tà ní pọ́ùn 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òun ò ní ṣí wọn. Ó ní tí òun bá gbé wọn pamọ́, wọ́n á ti di owó ńlá kí òun tó wọ yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Oṣù Kejìlá la máa lọ sílé, sí ìlú Ìyàrá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà níbẹ̀ náà ti ránṣẹ́ pé ká bá òun mú agolo kan bọ̀. Ṣé ó tó nǹkan tí èèyàn ń náwó lé lórí fún ẹni tó ń kó káàdì jọ, àbí kí n tètè dá ọmọ yìí lẹ́kun?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òkun o. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Má dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n agolo mẹ́ta tí kò ní ṣí? Rárá o. Jẹ́ kó ra ẹyọ kan, kó ṣí i, kó dunnú. Kó fi owó tó kù ra káàdì tó ń wù ú gan-an ní ẹyọ-ẹyọ.

Ohun tó wà nínú agolo náà ni kó o kọ́kọ́ mọ̀. Agolo ńlá máa ń ní pákẹ́ẹ̀tì 4 tàbí 5, káàdì 10 sì ni nínú pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi káàdì kan tó ń dán gbinrin síwájú, òun ni ọmọ máa ń rí tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára agolo mọ́. Èyí kékeré tó ń wọ àtẹ́lẹwọ́, pákẹ́ẹ̀tì 2 péré ló wà nínú rẹ̀. Àwọn pákẹ́ẹ̀tì yìí ò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Pé ó wà nínú agolo kò ní kí káàdì olówó iyebíye pọ̀ nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí tèmi kọ́kọ́ fẹ́ ra irú rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù la dúró sí, mo fa rìsíìtì oúnjẹ yọ nínú báàgì, mo ní kó ṣírò rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Pọ́ùn 22 ni agolo, pákẹ́ẹ̀tì 4 ló wà nínú rẹ̀. Pákẹ́ẹ̀tì kan náà ń bẹ lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní pọ́ùn 4 àti pẹ́ńsì 25. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 17. Pọ́ùn 5 tó ṣẹ́kù, ti agolo àti káàdì tó ń dán ni. Mo ní kó wo iye tí wọ́n ń ta káàdì yẹn fúnra rẹ̀ lórí fóònù: kò tó pọ́ùn 2. Kí ló fà á? Gbogbo ẹni tó ra agolo ló ní in! Ọmọ náà dákẹ́, ó wò mí, ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀ ń sọ pé pọ́ùn 3 ni mo fẹ́ fi ra agolo òfìfo.” Mo ní òun ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Ó tún ra á o. Mo jẹ́ kó rà á. Agolo yẹn wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Kàbà báyìí. Irú tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, Pikachu, ẹranko Pokémon tó wà lára agolo náà, sì ń rẹ́rìn-ín sí wa nínú ilé ìdáná.

Ní ti kó di owó ńlá: ìtàn táwọn ọmọ yìí ń gbọ́ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Lọ́dún 2022, wọ́n ta káàdì Charizard kan, ẹranko Pokémon tó ń yọ iná lẹ́nu, ní dọ́là 420,000. Àmọ́ bi í léèrè pé irú Charizard wo ni. Ti 1999 ni, ọdún tí káàdì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, ilé iṣẹ́ PSA tó ń yẹ káàdì wò sì fún un ní 10 nínú 10. Ńṣe làwọn ọmọ ayé ìgbà yẹn ń kì í bọ àpò ṣòkòtò, àwọn ìyá wọn sì ń kó o dànù. Èyí tó ṣì mọ́ tónítóní kò pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Lónìí ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ń gbé e pamọ́. Láti oṣù Kẹrin 2023 dé oṣù Kẹta 2024 nìkan, bílíọ̀nù 11.9 káàdì ni wọ́n tẹ̀.

Ìwọ náà wo aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ ìsìnkú àgbà olóyè ní Bùnú. Ta ló ń rí i rà lójà? Inú àpótí ẹbí ló ń gbé. Wá wo aṣọ ẹbí tá a dá fún òkú ọdún tó kọjá, tí ìdajì ìlú rán. Tó o bá gbé e jáde lónìí, ta ni wàá tà á fún?

Mi ò ní parọ́ fún ọ, àwọn agolo àtijọ́ kan wà tí wọ́n gbówó lórí torí pé wọn ò ṣí wọn. Ṣùgbọ́n ta ló mọ èyí tó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó ń rà á? Ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ iwájú á yẹ ọ̀rá ara rẹ̀ wò, á fọwọ́ tọ́ gbogbo igun rẹ̀. Tó bá ti tẹ̀ wọnú díẹ̀, owó ti já nìyẹn. Àwọn oníjìbìtì tún ń ṣí agolo, wọ́n á yọ pákẹ́ẹ̀tì tó dára, wọ́n á fi yẹpẹrẹ rọ́pò, wọ́n á tún fi ọ̀rá mìíràn wé e. Nítorí náà, má jẹ́ kó ra agolo àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ti ilé tẹ́ ẹ ń lọ, ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Kérésìmesì èṣí, ọmọ mi to àwọn káàdì rẹ̀ tó ń dán sójú fèrèsé ìyá mi, èyí tó kọjú sí òkè Ọbangógó. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ká bí èpo ẹ̀pà. Ó fẹ́ sunkún, ó rò pé àwọn ọmọ agboolé ló jókòó lé wọn. Àwọn tí kì í dán kò ṣe nǹkan kan. Ọyẹ́ fa omi ara páálí, páálí sún kì, ṣùgbọ́n awẹ́ tó ń dán tó wà lójú rẹ̀ kì í sún kì, ni káàdì bá tẹ̀ sẹ́yìn. Agolo kò sì gbà wọ́n, nítorí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ìdérí rẹ̀ wọlé. A fi ọ̀rá wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a fi Bíbélì ńlá ìyá mi tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Gbogbo wọn tọ́, àfi ọ̀kan.

Àbúrò ọkọ mi, ọ̀làwọ́ èèyàn, fẹ́ tu ọmọ nínú, ó bá a ra agolo kan bọ̀ láti ọjà, owó táṣẹ́rẹ́. Ọmọ dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tí bùrọ̀dá lọ tán, ó fi iná fóònù sẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn káàdì náà, ìmọ́lẹ̀ là á kọjá bí ẹni tanná sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ojúlówó ní awẹ́ dúdú kan láàárín tó máa ń dí ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ búlúù ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá ti ṣá. Ó pín gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ agboolé, wọ́n sì fi ṣeré títí a fi padà.

Torí náà, níbí ni kó o ti ra ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Má wulẹ̀ gbé agolo, àwọn tó ń ju ẹrù ní pápákọ̀ á ti tẹ̀ ẹ́ kó tó dé Ìyàrá. Pákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin àti ọ̀rá tí wọ́n ń fi wé káàdì tó o, kó o fi sínú báàgì ọwọ́. Mo ní ọ̀rá náà lọ́pọ̀ nílé, fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ kí n fi ọgọ́rùn-ún kan ránṣẹ́ sí ọ kẹ́ ẹ tó gbéra.