Kí ni mo lè fi rọ́pò wàrà bí mi ò bá lè jẹ àlìkámà àti mílíìkì?

Wàrà sóyà ni kí ẹ mú. Èyí tí àwọn Fúlàní ń tà, mílíìkì màlúù ni, ewé bomubomu ni wọ́n sábà fi ń mú un dì, kò lè bá yín lára mu. Ti sóyà kò ní mílíìkì, kò sì ní gluten, ìyẹn èròjà inú àlìkámà tí kì í bá àwọn kan lára mu.

Ẹ rẹ sóyà mọ́jú, ẹ bó o, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ gbé omi rẹ̀ kaná. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀ o, ó máa ń yára hó dànù! Tó bá ti hó dáadáa, ẹ da omi ògì tó ti kan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí i tó ń dì, tí omi rẹ̀ ń mọ́. Ẹ dà á sáṣọ, ẹ gbé òkúta lé e. Kì í yọ́ lórí písà, àmọ́ tí ẹ bá dín in pẹ̀lú iyọ̀ àti ata, ó dùn gan-an.

Tẹ́ ẹ bá rà á lójú títì, ẹ béèrè bóyá òróró tí wọ́n fi dín puff-puff ni wọ́n fi dín in, torí ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe puff-puff. Wàrà òyìnbó tí wọ́n kọ "lactose-free" sí (pé kò ní ṣúgà inú mílíìkì), mílíìkì ṣì ni. Ẹ wá "casein" àti "whey" lára páálí; inú mílíìkì ni méjèèjì ti ń wá, tí ẹ bá rí i, ẹ má rà á.