Ìbéèrè Yín, Èsì Mi: Owó Ẹgbẹ́ àti Owó Ìjọba

*Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi kan ni akápò ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú wa. Kọ́bọ̀ kan ò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n káńsù ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ibi tí owó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ti wá. Bó bá dé ìpàdé, a ó tún máa kí i kú ìnáwó. Kí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe irú èyí?* — Olùkọ́, Ọ̀yọ́

Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1975 ni Peter Ekeh, ọmọ Urhobo tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìṣèlú Áfíríkà ṣì ń bá a fà á títí dòní. Ó ní agbo méjì ni àwa ọmọ Áfíríkà wà lẹ́ẹ̀kan náà. Agbo kìíní ni ti ìbí àti ti ìlú. Ibẹ̀ la ti ń mọ ojúṣe ẹni, ibẹ̀ lojú ti ń tini. Agbo kejì ni èyí tí àwọn òyìnbó amúnisìn gbé kalẹ̀: ọ́fíìsì, ọlọ́pàá, káńsù. Ní tibẹ̀, ohun tí a óò rí gbà nìkan là ń wá lọ. Ẹ̀rí ọkàn kì í báni débẹ̀. Ẹni kan náà ló sì wà nínú agbo méjèèjì. Bó bá kó lọ́hùn-ún wá tún ibí ṣe, ará ilé á pàtẹ́wọ́ fún un.

Àwọn olóṣèlú kan gbọ́ èyí tán, wọ́n ní ṣé ẹ rí i, àṣà wa ni. Irọ́ ni. Ekeh ò gbèjà olè. Ara ẹjọ́ tó rò ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa tó ń bá òyìnbó du ipò kọ́ aráàlú láti máa béèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba, kí wọ́n sì máa yẹ ojúṣe sílẹ̀. Nígbà tí òyìnbó lọ tán, ẹ̀kọ́ náà ò bá wọn lọ.

Mo gba tirẹ̀ dé ibì kan, ṣùgbọ́n mi ò gbà á tán. Èmi náà ti tọ́jú owó ẹgbẹ́ rí, mo sì lè sọ ohun tó ń mú akápò ṣe jẹ́ẹ́. Ìwé onílà pupa yẹn ni. Nípàdé ìparí ọdún, akọ̀wé á dìde, á máa kà á sókè: Lágbájá san ẹgbẹ̀rún márùn-ún, Làkásègbè ṣì jẹ ẹgbẹ̀rún méjì. Làkásègbè á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Màmá kan wà láàárín wa tí kò ka ìwé kankan, àmọ́ tó mọ iye tí a ra páànù gbọ̀ngàn ju akọ̀wé lọ. Á kàn dá a lẹ́nu ró: “Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà.” Bẹ́ẹ̀ náà ni akọ̀wé á tún un kà, tí òógùn á máa bọ̀ lójú akápò, kódà bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́.

Ta ló ń ka ìwé káńsù, etí ta ni wọ́n sì ń kà á sí? Abújá ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó ibẹ̀ ti ń wá; kò ti àpò ẹnì kankan tí a mọ̀ jáde. Níbi tó bá ti jáde lápò èèyàn, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn dìde lórí owó orí, ìyẹn rògbòdìyàn Àgbẹ̀kọ̀yà. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ọ̀nà oko dà, kí ni wọ́n ń fi owó àwọn ṣe? Àwọn yẹn ò ka owó ìjọba sí owó aláìlólówó rárá, ọdún bíi mélòó kan ṣáájú kí Ekeh tó kọ tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jáwọ́ nínú kú ìnáwó. Lọ́jọ́ ìpàdé, tó bá ka ìwé ẹgbẹ́ tán, ẹ ní kó bá yín ṣàlàyé owó àtúnṣe ilé ìwòsàn káńsù. Ìpàdé lè dàrú, mo mọ̀. Kó dàrú.

*Ọmọ mi fẹ́ lọ ka fìlọ́sọ́fì. Bàbá rẹ̀ ní ebi ló máa pa á.* — Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kó kà á, kó sáà kọ́ bí a ti ń kọ̀wé tó já geere mọ́ ọn. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì.

*Ṣé kò sẹ́ni tó ti inú Ifá yọ ìmọ̀ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń gbé pọ̀ ni?* — Ọmọ Awo, Òṣogbo

Ó wà o. Akinsola Akiwowo, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Ifẹ̀, mú ẹsẹ Ifá kan tó dá lórí àsùwàdà, ìyẹn bí ẹ̀dá ṣe ń ṣù jọ wà, ó sì sọ ọ́ di tíọ́rì nínú jọ́nà kan lọ́dún 1986: pé ìṣùjọ ni ìwà wà, kò sí ohun tó dá wà. Wọn ò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Akin Makinde, onífìlọ́sọ́fì, kọ èsì sí i lọ́dún 1988. Nígbà tó di 1990, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì mìíràn, Lawuyi àti Táíwò, da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ Akiwowo àti Makinde lójú, wọ́n ní ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò kò dúró sójú kan. Irú àríyànjiyàn yẹn wù mí ju ìyìn lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ Akiwowo ni ìyàtọ̀ tó ṣe láàárín àjọbí àti àjọgbé. Lójú tèmi, òun ló dí àlàfo tí Ekeh fi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àjọbí ni. Káńsù, àjọgbé ni, àjọgbé náà sì ní ìwà tirẹ̀ tí a jọ mọ̀: ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ilé àyágbé rí. Ọmọ Awo, ẹ bá mi bi ọ̀gá yín léèrè ẹsẹ náà, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ṣe kì í. Màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí Akiwowo lò, ká jọ wò ó nínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀.