Mo fi bírò fagi lé ìdáhùn tó pé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ mi ní kí n bá òun differentiate y = xˣ, ìyẹn ni pé ká wá bí y ṣe ń yára yí padà bí x ṣe ń yí padà. Mo ní kó gbé x tó wà lókè wá síwájú, kó wá yọ 1 kúrò lókè. Olùkọ́ rẹ̀ fagi lé e. Níbo ni mo ti ṣì í? (sin x)ˣ náà sì tún wà nílẹ̀ tó ń dúró dè wá.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ibi tí èmi náà ti ṣì í ni. Òfin yẹn wà fún x³ àti irú rẹ̀, níbi tí ohun tó wà lókè ti dúró sójú kan. Nínú xˣ, àtòkè àtìsàlẹ̀ ló ń yí padà. Mú log ẹ̀gbẹ́ méjèèjì (log àdánidá, tí a ń kọ ní ln): ln y = x ln x. Ti òkè ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Differentiate rẹ̀, yóò di y′/y = ln x + 1 (y′ ni ìdáhùn tí à ń wá). Wàyí o, má gbàgbé y tó wà lábẹ́ yẹn, fi í sọ ẹ̀gbẹ́ kejì di púpọ̀: y′ = xˣ(ln x + 1). Kí x ṣáà ti ju òdo lọ.

Ìdáhùn yìí gan-an lọmọ mi kọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Èmi ni mo fagi lé e, tí mo kọ x·xˣ⁻¹ sí i. Ó wò ó títí, ó ní, "Daddy, xˣ náà ló tún padà dà yìí. Ṣé kò yí padà ni?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n! Mo jágbe mọ́ ọn ní Yorùbá. Ó pa tirẹ̀ rẹ́, ó gbé tèmi lọ, wọ́n sì fún un ní òdo.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó fi 2 dán an wò. Tèmi mú 4 wá, tirẹ̀ mú bíi 6.77. Mo gbé 2 dé 2.001 lókè nílẹ̀, 4 di bíi 4.00678. Pín 0.00678 tó fi lé yẹn sí 0.001, bíi 6.78 ni. Tirẹ̀ ló tọ̀nà.

Kò gbé ìṣirò wá bá mi mọ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nígbà náà o, kí ẹnikẹ́ni má dá mi lẹ́jọ́. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ṣàlàyé nǹkan fún un. Ìgbà tí inú bá bí mi nìkan ló ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi. Kí ló fẹ́ fi í ṣe?

Ti (sin x)ˣ, log náà ni, ìyókù á yé ọmọ rẹ. Jókòó tì í. Má mú bírò dání.