Kánfáàsì lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ, ẹ̀rín sì pa mí, kì í ṣe pé mo ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o. O ní láti oṣù kìíní lo ti ń lọ síbi ìdárayá kan ní Yábàá, o ń jẹ ẹ̀fọ́, o ń mu omi, ara ń yá gágá. Oṣù kẹrin wá wọlé, bí o bá ti fojú kan báàgì tí o fi ń kó aṣọ ìdárayá, á máa ṣe ọ́ bíi kí o bú sẹ́kún. O wá ń bèèrè pé báwo lo ṣe máa dá adùn rẹ̀ padà. Èmi ti dáwọ́ lé irú nǹkan yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ló já mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i.

Télọ̀ ni mí, ọmọ ọdún 52, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Lawanson, ní Sùúrùlérè. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á mọ̀ pé ìdí la fi ń ṣe é. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, orí àga ni mo wà, ẹsẹ̀ lórí pẹ́dàlì, ọrùn ní títẹ̀. Ní 2018, orí kan bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi tí kò gbóògùn. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi ní ọsibítù kan, ó jẹ́ 168 lórí 104. Dókítà ní tó bá ti ń dé 140 lórí 90 léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń pè é. Ó kọ òògùn fún mi, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì máa rìn dáadáa, ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù náà dára, àmọ́ kì í pẹ́ lára èèyàn.

Ìgbà àkọ́kọ́, tìlù-tìfọn ni mo fi wọ̀ ọ́. Ní National Stadium níbí ni, pápá ìṣeré tí wọ́n kọ́ ní 1972, tí wọ́n fi gba àlejò ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Láàárọ̀ Sátidé, àwa oníkùn ńlá la máa ń gba ìta rẹ̀. Sípíkà ńlá ń dún, ẹnì kan ń fọn fèrè níwájú, àwa ń jù apá, à ń jù ẹsẹ̀. Èmi gan-an ni mo rán ṣòkòtò àǹkóò fún ẹgbẹ́ wa. Ìwọ á rò pé òde àríyá ni. Bí a bá sì ti ṣe tán, àsun àti mọ́ọ̀tì tútù ti ń dúró. Ohun tí mo fi wákàtí kan lágùn sílẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ń mu ún padà.

Nígbà tó máa di oṣù kẹta, mo ti mọ orin tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tó ń lọ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Sátidé kan, mo ní aṣọ ẹbí láti kó lọ fún oníbàárà. Èyí tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀. Ìkẹta, kò sí ohunkóhun, mo kàn dùbúlẹ̀, mo ń wo àjà. (Kí n má parọ́, nígbà tí wọ́n bá sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ti Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, tó jẹ́ iwájú Stadium yìí náà ni wọ́n ti ń gbéra, inú mi á tún ru. Kìlómítà 42! Ọdún kan tí mo dúró wò wọ́n, mo délé, mo sáré yí àdúgbò po. Ìtara yẹn lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko.)

Ìgbà kejì, lẹ́yìn kónílé-ó-gbélé 2020, oúnjẹ ni mo gbógun tì. Mo lé ẹ̀bà, mo lé ìrẹsì, mo lé búrẹ́dì, ìyàwó mi ní ó ku kí n lé òun náà. Mo ra ìwọ̀n tí èèyàn ń gùn. Ọ̀sẹ̀ méjì, kìlò mẹ́rin ti lọ. Kò sẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀bù tí mi ò sọ ọ́ fún. Mi ò mọ̀ pé omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣàdédé dá àwọn oúnjẹ bí ẹ̀bà àti ìrẹsì dúró, ara á kọ́kọ́ lo èyí tó ti tọ́jú sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, omi tó wà pẹ̀lú rẹ̀ á sì bá a jáde. Ìyẹn ló ń yára. Tó bá ti tán, ó ku ọ̀rá, ọ̀rá kì í sì í kánjú. Ó tún ku ìkan: bí ara bá ṣe ń fúyẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń ná lójúmọ́ ń dín kù. Oúnjẹ tó ń mú ọ fọn lóṣù kìíní, òun náà ló lè dá ọ dúró lójú kan lóṣù kẹrin. O wá ń gun ìwọ̀n láràárọ̀, ó ń sọ ohun kan náà fún ọ fún ogún ọjọ́. Adùn wo ni ò ní kú síbẹ̀? Mo fura pé ohun tó ń ṣe ọ́ nìyẹn, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọ̀lẹ ni ọ́.

Oṣù kejìlá ló pa tèmi. Ẹ mọ bí télọ̀ ṣe máa ń rí nígbà ọdún. Aago méjì òru, èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ jókòó ti búrẹ́dì Àgége àti ẹ̀wà àgànyìn tó ti tutù, oníbàárà ń pè lórí fóònù pé ṣé aṣọ òun ti jáde. Kí ọdún tó yí, ìwọ̀n ti di ibi tí à ń gbé áyọ́ọ̀nù lé.

Ìgbà kẹta ni mi ò wá adùn mọ́.

Mo máa ń kírun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí òpópónà wa. Òjò o, ẹ̀ẹ̀rùn o, mò ń lọ, mi ò kì í bi ara mi bóyá ó wù mí lónìí. Mo wá rò ó lọ́jọ́ kan pé ohun tí mò ń ṣe láìbi ara mi rèé, kí ló dé tí mi ò so ìrìn mọ́ ọn nídìí? Àmọ́ bí mo bá kírun tán, ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà ilé, bẹ́ẹ̀dì ń pè mí. Ohun tó yí i padà kéré débi pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Bàtà ni. Sálúbàtà ni mo máa ń wọ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kánfáàsì òkìríkà mi lọ, mo ń bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà láàárín sálúbàtà gbogbo ayé. Tí mo bá jáde, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn, kí n wá okùn rẹ̀, kí n so ọ̀tún, kí n so òsì. Èèyàn kì í so okùn bàtà tán kó tún lọ sùn. Mo dán an wò, kò ṣeé ṣe.

Alhaji kan wà níbẹ̀, ó ti lé ní 70, àtọ̀gbẹ ń bá a fínra. Láti Lawanson ló ń rìn dé abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba, tó sì ń padà. Lọ́jọ́ kẹta ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Télọ̀, níbo?" Mo ní, "Mo fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀ ni, sà." Ó ní, "Ó dáa, jẹ́ ká lọ." Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi padà. Tẹ̀sùbáà ló ń fà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí títí dòní: kò sí orin, kò sí àǹkóò, kò sí àsun. Kọ̀ńdọ́ máa ń pe Yábàá, alákàrà ń dáná, a ó kọjá. Alhaji kì í yìn mí. Àmọ́ bí mo bá pa ọjọ́ kan jẹ, lọ́jọ́ kejì á ní, "O ò wá lánàá." Kò ní bèèrè ìdí. Gbólóhùn yẹn máa ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara ju gbogbo fèrè tí wọ́n fọn fún mi ní Stadium lọ.

Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì ló jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀. Ní 2009, Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London gbé àbájáde kan jáde. Èèyàn 96 ló yọ̀ǹda ara wọn, kálukú mú nǹkan kékeré kan, ó so ó mọ́ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ lójúmọ́, bí oúnjẹ ọ̀sán. Ọjọ́ 66 ló bọ́ sí àárín kí nǹkan náà tó mọ́ni lára, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 18 fún àwọn kan, ó dé 254 fún àwọn mìíràn. Èyí tó tù mí nínú jù ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí èèyàn bá fò kò ba nǹkan jẹ́. Èmi tí mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé Sátidé kan tí mo bá pa jẹ, gbogbo rẹ̀ ti dà nù nìyẹn!

Ìwọ̀n yẹn, mo ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún áyọ́ọ̀nù pátápátá. Téèpù ni mo dì mú. Nínú ìwé tí a ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, mo ní ojú ìwé tèmi. Ọjọ́ kìíní oṣù, ọmọ iṣẹ́ mi á wọn ìbàdí mi, á kọ ọ́. Mi ò gbọdọ̀ fa ikùn sínú, òun náà ò gbọdọ̀ fojúure wọn mí. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ní, "Ọ̀gá, 44." Oṣù kejì, 44. Oṣù kẹta, ó wọ̀n ọ́n tán, ó tú téèpù, ó tún un wọ̀n, ó fi èékánná tẹ ibi tó dé. "43 àti ààbọ̀, sà." Ààbọ̀ ínṣì! Ọmọ ọ̀hún gan-an ń rẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n ni, ì bá ti sọ fún mi pé mi ò ṣe nǹkan kan. Ọdún mẹ́ta ló gbà mí kí n tó dé 40, níbi tí mo wà báyìí. Ṣé ẹ mọ aṣọ tí àwa télọ̀ máa ń ṣẹ́kù sínú ìdí ṣòkòtò, kí a lè tú u bí onítọ̀hún bá sanra sí i? Nígbà tí mo dín ṣòkòtò tèmi, mo gé e dànù.

Oúnjẹ ò lè gbà mí lákòókò púpọ̀. Mo ti dá ẹ̀bà padà, ìkúnwọ́ kan, ẹ̀fọ́ ló wá pọ̀. Ìyàwó mi kì í da òróró láti inú kẹ́ẹ̀gì mọ́, ṣíbí ló fi ń wọ̀n ọ́n, torí ṣíbí ìjẹun ńlá kan ṣoṣo ti tó nǹkan bíi 120 kálórì. Ó gbó mi lẹ́nu lórí ìyẹn fún oṣù kan. Ti iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má pé gíráàmù márùn-ún lójúmọ́, bíi ṣíbí tíì kan, wọ́n sì ka èyí tó wà nínú mágì mọ́ ọn. Mágì ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ẹ̀jẹ̀ mi ń wà ní bíi 130 báyìí. Mo ṣì ń lo òògùn. Dókítà ló dín in kù, kì í ṣe èmi.

Nígbà ọdún, tí iṣẹ́ bá dé ọrùn, mi ò fi ìrìn sílẹ̀, mo ń gé e kúrú ni. Mo lè má dé Ojúẹlẹ́gba, mo lè kàn rìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá yí òpópónà po. Tí òjò bá rọ̀ tí omi gba ilẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wa ni mò ń gùn lọ gùn bọ̀, àwọn ayálégbé máa ń rò pé orí mi ti dàrú. Ohun tí mi ò jẹ́ ṣe ni kí n wọ sálúbàtà lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Ìwọ wá ńkọ́? O ní Èbúté Mẹ́ta lo ti ń ṣiṣẹ́, Yábàá lò ń gbé, dánfó lo sì ń wọ̀ délé lálaalẹ́. Ilé yẹn, o máa lọ ni, bó wù ọ́ bí kò wù ọ́. Fi bàtà tó ṣeé rìn sí abẹ́ tábìlì ọ́fíìsì, wọ̀ ọ́ kí o tó jáde, kí o máa fẹsẹ̀ rìn lọ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ láìdúró de adùn kankan. Bí o bá lè rí ẹni tó ń gba ọ̀nà yẹn, tí kì í sọ̀rọ̀ jù, o ti rí Alhaji tìrẹ nìyẹn. Owó ibi ìdárayá yẹn, má tíì san án lóṣù yìí. Tó bá tún wù ọ́ láti gbé irin, á ṣì wà níbẹ̀.

Adùn máa ń yà sọ́dọ̀ wa nígbà mìíràn, láìpè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò lé wa wọ abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba, àwa àtàwọn ọlọ́kadà. Kánfáàsì mi ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì ti fi òwú pupa rán an torí òun ló wà nínú masíìnì lọ́jọ́ náà. Alhaji wò ó títí. Ó ní, "Télọ̀, bàtà náà lo tún ń rán?" Ó wá bú sẹ́rìn-ín títí tẹ̀sùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi. Mo bá a mú un, mo nù ún mọ́ aṣọ mi. Òjò dá díẹ̀, a padà sílé.